Èmi Ni Ọlọ́sàn Gólì

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí wà ní kékeré, ní Fìdítì níbí, kò sí ipò kan tí ọmọbìnrin lè dé tó ju kó jẹ́ ọlọ́sàn gólì lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìlú wa ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nígbà náà. Tíṣà kan ní ilé ìwé wa ló dá a sílẹ̀, òun náà sì ni mánéjà. Tíṣà yìí gbà pé omi ni ọ̀tá agbábọ́ọ̀lù. Ó ní ẹni tó bá mu omi nígbà ìsinmi ìdajì eré, ikùn rẹ̀ á wúwo, kò ní lè sáré mọ́. Ló bá ṣòfin pé ọsàn nìkan ni wọn yóò máa mu. Ọsàn kò sì wọ́n wa. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn lójú ọ̀nà àtijọ́, òórùn ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tó mú mi rántí gbogbo èyí kò jìnnà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn bàbá mẹ́ta kan máa ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Ọ̀kan fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ dírẹ́bà, òun ló dàgbà jù. Èkejì ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, ìwé àti bírò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni onígbàjámọ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irun àwọn agbábọ́ọ̀lù wa láyé ọjọ́un. Kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu wọn ju àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn mánéjà ẹgbẹ́ wa àtijọ́. Wọ́n á rántí ẹni tó ń gbá apá òsì, tó máa ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú bó bá ń sáré, nítorí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti já, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a. Wọ́n á rántí ẹni tó ń gbá iwájú, tí bọ́ọ̀lù kì í kan orí rẹ̀ láé, nítorí ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé orí tí òun bí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi gbá nǹkan. Wọ́n á wá bọ́ sórí àwọn mánéjà. Dírẹ́bà á ní tíṣà ló dára jù. Onígbàjámọ̀ á ní irọ́ ni, télọ̀ tó gbapò rẹ̀ ló mọ bọ́ọ̀lù, ó kàn jẹ́ pé oorun máa ń kùn ún létí pápá ni. Wọ́n á máa jiyàn bí ẹni pé ọ̀la ni bọ́ọ̀lù máa wà.

Èmi á gbé omi fún wọn, màá sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìgbà kan tí ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi pé, “Ìyá Tíṣà, kí ni ẹ̀yin rántí?” Iṣẹ́ tíṣà tí mo ṣe ni wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, kí ni obìnrin mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù? Mo ń jowú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wọ́n ti pín ìgbà èwe gbogbo wa láàárín ara wọn, wọn kò bu tèmi fún mi. Bí wọ́n bá sì ti dé orí gólì wa, ẹni tó ń ṣọ́lé, ohùn wọn á yí padà. “Ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn,” ni dírẹ́bà máa ń wí. “Ó tà wá fún Ilora.” Ìlú kan nítòsí wa, tó ń bá wa díje, ni Ilora. Ìgbà yẹn ni mo máa ń dìde lọ sí ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ọsàn. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ní ọmọbìnrin kan tí ń bó ọsàn fún un. Mánéjà fúnra rẹ̀ ló ń yàn wá láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé tí bàbá wọn ní oko ọsàn. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, a ó wọ aṣọ funfun, a ó jókòó sórí ẹní létí pápá, kálukú pẹ̀lú agbọ̀n kékeré àti ọ̀bẹ. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìdajì eré, kálukú á sáré lọ bá ẹni tirẹ̀. O ó kúnlẹ̀, o ó bó èèpo ọsàn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ara rẹ̀ lè funfun, o ó gé orí rẹ̀ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, o ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọsàn mẹ́ta ni òfin. Òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn lọ́bẹ, nítorí àwọn ọmọ méjì kan ti já ọ̀bẹ gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà kan, ọ̀kan sì fara gbọgbẹ́. Bí o bá ń kọjá lọ́jà, ipò ẹni tí ò ń bó ọsàn fún ni wọn yóò fi pè ọ́: ọlọ́sàn apá òsì, ọlọ́sàn àárín. Èmi ni ọlọ́sàn gólì.

Gólì wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ọmọ Fìdítì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ilora ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ fi ti ìyá rẹ̀ yìí sọ́kàn. Bó bá fò sókè gba bọ́ọ̀lù, ẹ ó rò pé ẹnì kan ló ń fi okùn fà á láti òkè. Bí ìsinmi bá ti tó, á na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, á pariwo pé, “Ọlọ́sàn mi dà?” Gbogbo pápá á gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, mo ti di ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìbéèrè yẹn. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó ni. Ọmọdé tí kò tíì kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ipò ni mo fẹ́, mo sì wà nípò.

Àfìgbà tí ọmọbìnrin kan dé láti Ilora. Ìyá àgbà rẹ̀ ló wà ní Fìdítì tó ń ṣàìsàn, wọ́n sì ní kí ọmọ náà wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kíláàsì mi ni wọ́n fi í sí. Kò lẹ́wà jù mí lọ. Mo wò ó dáadáa. Kò mọ ìṣirò jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ ọsàn bó. Ó ní ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, tí bàbá rẹ̀ alágbẹ̀dẹ rọ fún un. Bó bá ti fi ọ̀bẹ náà kan orí ọsàn, èèpo á bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀, á máa gùn, á máa gùn, títí á fi kan ilẹ̀, kò ní já. Odidi ọsàn, èèpo kan ṣoṣo. Tèmi máa ń já lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bàbá rẹ̀ kò ní oko ọsàn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà rẹ̀ ní, mánéjà sì fi í ṣe ọlọ́sàn ẹni tó ń gbá àárín. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó bá wa lọ, ìlú Akinmorin nítòsí la ti gbá a. Nígbà ìsinmi, gólì wa rí èèpo ọsàn tó ń fì lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gba èèpo náà, ó fi kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń jó káàkiri, ni gbogbo ènìyàn bá ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn ó mu méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé tèmi fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà lọ, kò bèèrè ọlọ́sàn rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń pariwo ni, “Ọmọ Ilora dà?”

Mo jowú. Kí ni màá máa bò ó fún? Mo jowú tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò fi lọ lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ ilé ìwé, ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà ni mo máa ń tẹjú mọ́ dípò pátákó. Bí mo bá délé, màá kó ọsàn bàbá mi sẹ́yìnkùlé, màá máa bó o, n kò sì ní rí i ṣe bíi tirẹ̀. Gbogbo ará ilé wa mu ọsàn títí eyín fi ń kan wọ́n. Ìyá mi bèèrè lọ́jọ́ kan pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ bó gbogbo igi bàbá rẹ tán ni?” Mo tún mú òmíràn. Èèpo ọsàn mi ṣáà ń já.

Bó ṣe rí nìyẹn tí ọjọ́ bọ́ọ̀lù àwa àti Ilora fi pé. Ẹ̀yin kò lè mọ ohun tí bọ́ọ̀lù Fìdítì àti Ilora jẹ́ nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ kò lọ sóko lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará Akinmorin wá, wọ́n jókòó sáàárín, wọn kò sì sọ ẹni tí àwọn ń bá ṣe. Gólì wa mú bọ́ọ̀lù bí kò ṣe mú un rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìsinmi, rẹfirí fún Ilora ní pẹ́nátì. Gbogbo wa dìde lórí ẹní, a sáré dé etí ìlà. Ẹni wọn gbá a gidi. Gólì wa fò sí òsì, ó sì fi ọwọ́ kan gbá a dà nù. Ariwo tó sọ kọjá ohun tí mo lè sọ fún yín. Ọmọ Ilora náà ń fò, ó ń pariwo fún wa, ó gbàgbé ìlú rẹ̀ pátápátá. Èmi nìkan ni mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n rẹ̀.

Mo padà, mo mú un, mo tì í bọ àpò aṣọ funfun mi.

N kò ro ibi rò ó, ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí mo rò kò ju pé bí kò bá rí ọ̀bẹ lò, gólì á padà wá sọ́dọ̀ mi. Fèrè dún. Gólì ń bọ̀, òógùn bò ó, ó pariwo, “Ọmọ Ilora dà?” Ọmọ náà tú agbọ̀n rẹ̀, ó tú ẹní, ó ń wá a kiri, omi sì ti ń yọ lójú rẹ̀. Mo ti bó ọsàn mẹ́ta sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba tèmi.” Ó wo ọsàn mi tí èèpo ṣì lẹ̀ mọ́ lára káàkiri. Ó ní, “Fi sílẹ̀ ná, jẹ́ kó rí ọ̀bẹ rẹ̀.” Ó dúró dè é. Gbogbo ìsinmi lọ síbẹ̀. Nígbà tí rẹfirí pe wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì ti ń bínú. Ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n ọmọ náà, ó mú ọsàn tí wọn kò tíì bó, ó fi eyín ge èèpo rẹ̀, ó sì fún un pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọsàn Fìdítì, ẹ mọ ohun tó wà lára èèpo rẹ̀. Oje rẹ̀ ta sí i lójú méjèèjì. Ọwọ́ kan náà tó fi fún ọsàn ló tún fi nu ojú, ó wá burú sí i. Mo rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú lọ sẹ́nu ilé tó ń ṣọ́. Ìdajì kejì kò tíì gbóná tí ẹnì kan nínú àwọn Ilora fi gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù tí ìyá àgbà lè fi ẹsẹ̀ dá dúró. Ó ń yí bọ̀ nílẹ̀. Gólì wa bẹ̀rẹ̀ sí òsì, bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Kò sí góòlù míì títí eré fi parí.

Ó ṣàlàyé pé ọsàn ló ta sí òun lójú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló bà á jẹ́. “Ọsàn ta ni?” Ọsàn ọmọ Ilora. “Níbo ni ìyá rẹ̀ ti wá?” Ilora. Àwọn kan ní wọ́n ti fi oògùn sí ọsàn náà. Àwọn kan ní kò sí oògùn kankan, ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kó wọlé fún àwọn ará ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ náà ń sunkún pé ọ̀bẹ òun sọnù, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ìdí tí gólì fi ge ọsàn tí a kò bó jẹ, ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Èmi dúró níbẹ̀, ọ̀bẹ ń gún mi nítan láti inú àpò, n kò lanu.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí gólì fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n wá mú ọmọ náà padà sí Ilora, ìyá àgbà rẹ̀ bá wọn lọ. Wọ́n yọ tíṣà kúrò nípò mánéjà, wọ́n ní òfin ọsàn rẹ̀ ló pa wá. Télọ̀ tó gbapò rẹ̀ dá omi padà, ó sì fi òpin sí ètò ọlọ́sàn. Àbí ẹ ò rí mi? Mo gbé ọ̀bẹ nítorí ipò, ipò fúnra rẹ̀ sì bá a lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ló pa mí lẹ́nu mọ́. Nígbà tó yá, owú ni. Mo ti di tíṣà, mo ti wà nílé ọkọ, nígbà tí mo gbọ́ pé gólì wa ti gbéyàwó ní Ìbàdàn, pé nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà, pé ọmọ Ilora yẹn ni. Ọkọ tèmi jẹ́ ènìyàn rere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín góòlù àti kọ́nà. Síbẹ̀, mo ní, ṣé òun náà ló tún gba èyí? Bí mo bá la ẹnu sọ òótọ́, kì í ṣe ọkọ nìkan ni orúkọ rẹ̀ máa mọ́, tìyàwó náà á mọ́ pẹ̀lú. Mo fi ọ̀bẹ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, mo sì dákẹ́.

Ibẹ̀ ló wà títí di ọdún tó kọjá. Ìlú kọ́ ògiri tuntun sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n sì ní kí àwọn bàbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù àti mánéjà àtijọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé. Ẹ wá wo ìjà! Akọ̀wé ń kọ, dírẹ́bà ń pa á rẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, akọ̀wé ní gólì pe òun lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ó ní bàbá náà sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ òun sí i kí òun tó kú.

“Kó lọ kọ ọ́ sí ògiri Ilora,” ni dírẹ́bà wí.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo wọ yàrá, mo tú àpótí, mo mú ọ̀bẹ náà jáde, mo sì gbé e lé orí ìwé akọ̀wé. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lórí ìdúró. Mo ti múra sílẹ̀ pé kí wọ́n bú mi, kí wọ́n dìde kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ mi, kí wọ́n ròyìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n na ọrùn wo ọ̀bẹ náà. Dírẹ́bà wá gbójú sókè.

“Ìyá Tíṣà,” ó ní, “ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ni?”

“Bàbá, èmi ni ọlọ́sàn gólì!”

“Rárá o,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ọmọ Ilora yẹn ni ọlọ́sàn gólì. Èmi rántí èèpo rẹ̀ dáadáa. Ó máa ń gùn kanlẹ̀.”

Akọ̀wé náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò mí, mo jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi pamọ́ láti kékeré, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bóyá mo wà nípò tí mo torí rẹ̀ ṣẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jiyàn tán, akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ orúkọ gólì sókè pátápátá, ṣáájú gbogbo àwọn yòókù. Dírẹ́bà kò pa á rẹ́. Ó ní kí akọ̀wé bá òun pe bàbá náà lórí fóònù, kí òun tọrọ àforíjì.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣí ògiri náà, tọkọtaya yẹn wá láti Ìbàdàn. Gólì ń fi ọ̀pá rìn, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó lọ taara síbi ògiri, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn bàbá mi yí i ká, wọ́n ń rán an létí pẹ́nátì tó mú. Àwọn ọmọ kéékèèké ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́yìn wọn, wọ́n wọ aṣọ àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun, omi inú ọ̀rá wà lẹ́nu wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo ògiri náà.

Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti dàgbà, èmi náà ti dàgbà. Agbọ̀n ọsàn kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ náà jáde nínú báàgì mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

“Ọ̀bẹ rẹ rèé,” mo ní. “Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò wo ẹnu rẹ̀. “Ó ti kú o,” ó ní. “O ò tiẹ̀ pọ́n ọn?” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo rí èèkù rẹ̀ tó yọ lápò rẹ lọ́jọ́ yẹn.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá gba ọmọ Ilora gbọ́? Nígbà tó yá, mi ò fẹ́ sọ mọ́.” Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ ògiri. “Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kí n tó tún fojú kàn án. Irinṣẹ́ ló gé e lọ́wọ́, wọ́n gbé e wá kí n dì í fún un. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí la kọ́kọ́ sọ, a ò sì tíì sọ ọ́ tán. Ká ní o ò mú un ni, òun ì bá wà ní Fìdítì, èmi ì bá wà níbòmíràn. Ìwọ lo fún mi lọ́kọ. O ṣé o, ọlọ́sàn gólì.”

Ó pè mí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ka orúkọ àti àwọn tó kọ ọ́, òun nìkan ló rántí ohun tí mo jẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí gólì fi kẹ̀yìn sí ògiri. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, ó pariwo bíi ti àtijọ́, “Ọlọ́sàn mi dà?” Ẹ̀yin ọmọ mi, orúnkún tí mo fi òróró pa láàárọ̀ ni mo fi dìde. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan kí n tó rí i pé ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ níwájú mi. Ọ̀bẹ tó kú ni, ọwọ́ àgbà sì ni, síbẹ̀ èèpo ọsàn ń yí wálẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó ń gùn, kò sì já.

Ayé ti yí padà. Lónìí, agbábọ́ọ̀lù á gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á fi eyín ya á, á jù ú sílẹ̀, á máa sáré lọ. Ẹ̀yin ọmọ ń jókòó sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ẹ ń sunkún nítorí àwọn ènìyàn tí kò ní bèèrè yín láé. Ti àwa yàtọ̀. Wọ́n ń bèèrè wa. Àwọn bàbá mi ṣì ń wá ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ti ń ní kí n sọ tèmi báyìí. Mo máa ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti lọ tán, màá mú ọsàn kan lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi, màá bó o pẹ̀lú sùúrù. Ní àná, ó kù díẹ̀ kí èèpo rẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó já.